Ta Ló Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì Yín?

Lọ́jọ́ Ìsinmi ní Èbúté Mẹ́ta, ní Yábàá tàbí ní Sùúrùlérè, gèlè ni ojú kọ́kọ́ ń bá pàdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn gèlè ó kan fìlà, lẹ́yìn fìlà ó kan aṣọ ẹbí, lẹ́yìn náà a ó wo bàtà. N ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Oge ṣíṣe wà lára ìjọsìn wa, ẹni tó bá sì ra léèsì olówó gọbọi fẹ́ ká rí i. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà nínú ilé yẹn tó ti wà níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé, tí a kò sì tíì fara balẹ̀ wò rí: ilẹ̀kùn tí a ń gbà wọlé, gíláàsì tí oòrùn ń gbà kọjá, àwòrán ara ògiri, àga ìwàásù, òkúta mábù tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí. Bí a bá bi èèyàn mẹ́wàá pé ta ló ṣe wọ́n, mẹ́sàn-án á ní òyìnbó ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ló gbẹ́ ẹ, tàbí ọmọ Òsì, tàbí ọmọ Ùróbò kan tó fi Muṣin ṣe ilé.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí, ó yẹ ká mọ ohun tí ilé ìjọsìn ń béèrè. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́, ìbáà ṣe ti Kátólíìkì, ti Áńgílíkà tàbí ti Mẹ́tọ́díìsì, ibi mẹ́ta ni kò ṣeé yọ sílẹ̀: ibi tí wọ́n ti ń jẹ Oúnjẹ Olúwa, ibi tí wọ́n ti ń ka Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ti ń wàásù rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìsàmì. Pẹpẹ, àga ìwàásù, àwo ìsàmì. Nítorí àwọn mẹ́ta yìí ni àga gígùn, àbẹ́là, agogo, dùùrù, aṣọ àti àwòrán ṣe wà. Ibi tí wọ́n sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ní ìdí. Àwo ìsàmì sábà máa ń wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, nítorí ìsàmì ni èèyàn fi ń wọ inú ìjọ. Pẹpẹ wà ní ìpẹ̀kun ilé, ìhà ìlà oòrùn ni àwọn àgbà ìjọ sì fẹ́ kó wà bí ilẹ̀ bá gbà. Ní Èkó, ilẹ̀ kì í sábà gbà. Ìjọ tó ra púlọ́ọ̀tì kan péré láàárín ilé méjì ní Muṣin, ibi tí títì bá jẹ́ kó kọjú sí ló máa kọjú sí.

Ìtàn ló jẹ́ kí ògiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àtijọ́ lápá ibí yìí rí gbẹrẹfu. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, ogun bẹ́ sílẹ̀ lórí àwọn ajíhìnrere ní Abẹ́òkúta. Wọ́n kó ilé wọn, wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde nílùú. Ìfọ́lé ni àwọn Ẹ̀gbá ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ ló sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn nílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Àwọn tó dé pẹ̀lú Bíbélì lábẹ́ abíyá wọ̀nyí ti fi ère sílẹ̀ nílé bàbá wọn. Wọn ò tún ní gbà kí ẹnikẹ́ni gbé ère mìíràn síwájú wọn, ìbáà jẹ́ ère Pétérù tàbí ti Pọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi pọ̀ ju àwòrán lọ lára ògiri irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀: Òfin Mẹ́wàá, ẹsẹ Bíbélì, àti orúkọ àwọn òkú lórí mábù àti idẹ.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé kò sí ọnà níbẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé Bíbélì lé. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ẹyẹ idì tó na ìyẹ́ apá rẹ̀ ni, tí wọ́n fi idẹ rọ tàbí tí wọ́n fi igi gbẹ́. Idì ni àmì Jòhánù oníwèé Ìhìnrere láti ayébáyé, nítorí wọ́n gbà pé Jòhánù fò ga ju àwọn oníwèé mẹ́ta yòókù lọ. Ẹ wo aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí pẹpẹ àti èyí tó so rọ̀ níwájú àga ìwàásù. Àwọ̀ rẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ìjọ. Elése àlùkò ni wọ́n ń tẹ́ ní àkókò Ìrètí Wíwá Olúwa àti ní Lẹ́ǹtì, nígbà tí ìjọ ń ronú pìwà dà. Funfun ni ti Kérésì àti ti Àjíǹde. Pupa ni ti Pẹ́ńtíkọ́sì nítorí iná, àti ti ọjọ́ àwọn ajẹ́rìíkú nítorí ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ti ọ̀sẹ̀ gígùn tí kò ní ọdún kankan nínú. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè mọ ibi tí ọdún dé bó bá sáà ti rí pẹpẹ. Àwọn ìyá ìjọ tó ń fi òwú dídán ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sára àwọn aṣọ yìí, tí wọ́n ń ya ìdì ọkà, àjàrà àti àgbélébùú sí i, oníṣẹ́ ọnà ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń sanwó? Ọ̀rọ̀ yìí dùn púpọ̀ ní Èkó. Owó ìjọ nìkan kọ́ ló ń ra nǹkan ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹgbẹ́ àti ìdílé ló ń rà á. Bàbá kú, àwọn ọmọ fi àwo ìsàmì tọrẹ ní ìrántí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ra dùùrù. Ẹni tó rí ọmọ bí lẹ́yìn ìdúró pípẹ́ ra àga gígùn mẹ́rin, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ ni bíṣọ́ọ̀bù tàbí àlùfáà yóò yà sí mímọ́ lọ́jọ́ tí aṣọ ẹbí yóò pé jọ. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, pé kò sí fáànù kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní orúkọ lára. Lójú tèmi, orúkọ yẹn wúlò gan-an. Ìwé ìtàn ni. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé orúkọ ẹni tó sanwó ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó fi ọwọ́ ṣe é kò sí.

Lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì, ọ̀rọ̀ ère kò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ère náà dé láti òkè òkun: Màríà aláwọ̀ pupa tí irun rẹ̀ ṣe wọ̀ọ̀, Jósẹ́fù onírùngbọ̀n gígùn, tí wọ́n fi mọ́ọ̀dù kan náà yọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ní Yúróòpù, tí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wá. Àwọn Fadá méjì ti Ẹgbẹ́ SMA (Society of African Missions) ló gbìyànjú láti yí i padà. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll, ẹni tí wọ́n bí ní Liverpool, àti Fadá Sean O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n kó gbẹ́nàgbẹ́nà, ahunṣọ, oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti oníṣẹ́ awọ jọ. Ohun tí wọ́n wí fún wọn kò ju pé: ẹ má fara wé òyìnbó, ọnà tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ fi sọ ìtàn Jésù.

Ẹni tí iṣẹ́ náà gbójú lé jù ni George Bándélé, ọmọ Àréògún ti Òsì. Ẹni tó bá mọ ìtàn iṣẹ́ ọnà Yorùbá mọ ẹni tí Àréògún jẹ́: ọ̀gá nínú gbígbẹ́ Ẹ̀pà, ère ńlá tí wọ́n ń gbé rù lọ́jọ́ ọdún ìbílẹ̀, àti nínú gbígbẹ́ ilẹ̀kùn, tó kú ní 1954. Bándélé mú ọwọ́ bàbá rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn amòye tó wá kí Jésù jòjòló di ọba Yorùbá tó dé adé, Màríà sì kúnlẹ̀ bí obìnrin ilé wa ṣe ń kúnlẹ̀. Kò tíì sí Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àgbáyé, nígbà náà. 1962 ni ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, 1963 ni wọ́n sì tó kọ ọ́ sínú ìwé pé iṣẹ́ ọnà orílẹ̀-èdè gbogbo ní àyè nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn ará Ọ̀yẹ́ ti ṣáájú Róòmù.

Bándélé ló kọ́ Lamidi Fákẹ́yẹ níṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni Fákẹ́yẹ, láti ìdílé tó ti ń gbẹ́ igi láti ìran dé ìran, Mùsùlùmí sì ni. Bẹ́ẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì gbẹ́ ti ààfin àti ti yunifásítì, títí tó fi di olùkọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì jáde láyé ní 2009. Ẹ tún un wò: bàbá gbẹ́ Ẹ̀pà, ọmọ gbẹ́ Màríà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí gbẹ́ ilẹ̀kùn tí àlùfáà ń gbà wọlé. Kò sí ẹni tó rò pé ìmàle òun yóò bàjẹ́ nítorí pé òun gbẹ́ àgbélébùú. Iṣẹ́ ni iṣẹ́, igi sì ni igi.

Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ yẹ ní mímọ̀. Ìpele mẹ́rin ni àwọn àgbà oníṣẹ́ pín in sí. Àkọ́kọ́ ni lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké bu igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi yà sọ́tọ̀. Tẹ̀ lé e ni àlétúnlé: àáké kékeré á wá ya ojú kúrò lára etí, á ya apá kúrò lára ìhà. Ẹ̀kẹta ni dídán, tí ojú igi yóò fi jọ̀lọ̀. Ìkẹyìn ni fífín, iṣẹ́ ọ̀bẹ, níbi tí ilà ojú, irun dídì àti ọnà aṣọ ti ń jáde. Ẹni tó bá ń kánjú fín kí ó tó dán ti ba igi olówó jẹ́. Ti ilẹ̀kùn tún yàtọ̀, nítorí pákó pẹrẹsẹ ni. Wọ́n á pín in sí àwọn àpótí-àpótí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìtàn kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kí èèyàn inú rẹ̀ lè yọ síta. Ilẹ̀kùn ààfin ni wọ́n ti kọ́ èyí. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ irú rẹ̀ fún Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, òyìnbó lórí àga tí wọ́n fi ń gbé e kiri sì wà nínú rẹ̀. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley, kò sì padà wálé mọ́, ó wà ní British Museum di òní. Ọnà tó ti ń sọ ìtàn ọba bí ẹ̀sẹ̀-ẹsẹ̀ kò ní ìṣòro kankan láti sọ ìtàn Jésù.

Ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ kógbá sílé ní 1954, ṣùgbọ́n Fadá Carroll kò dáwọ́ dúró. Òun ló bá Bruce Onobrakpeya pàdé, ọ̀rọ̀ wa sì ti padà dé Èkó nìyẹn.

Agbarha-Otor nílẹ̀ Ùróbò ni wọ́n ti bí Onobrakpeya ní 1932. Ó kàwé ní Zaria, níbi tí òun, Yusuf Grillo, Demas Nwoko, Uche Okeke àti àwọn mìíràn ti dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n sì pinnu pé àwọn ò ní máa ṣe àdàkọ òyìnbó, àwọn ò sì ní máa tún ohun tí bàbá ńlá ṣe ṣe láìfi nǹkan kún un. Àwọn yóò mú èyí tó dára níbi méjèèjì. Ní 1963 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College, Èkó, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Papa Ajao, Muṣin, níbi tí àwọn tó ń kọjá lọ lè máà mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Áfíríkà ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1960, wọ́n gbé iṣẹ́ Ọ̀nà Àgbélébùú fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Paul, Èbúté Mẹ́ta.

Fún ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì: Ọ̀nà Àgbélébùú jẹ́ àwòrán mẹ́rìnlá tí wọ́n tò sára ògiri yíká ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìgbà tí Pílátù dá Jésù lẹ́bi títí tí wọ́n fi gbé e sí ibojì. Póòpù Clement Kejìlá ló fìdí iye náà múlẹ̀ ní 1731. Nígbà Lẹ́ǹtì, pàápàá lọ́jọ́ Ẹtì, ìjọ á máa rìn láti ọ̀kan dé èkejì, wọ́n á dúró, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á tẹ̀síwájú. Ìrìn àjò sí Jerúsálẹ́mù ni fún ẹni tí kò lówó ọkọ̀. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ka àwòrán yìí.

Ohun tí Onobrakpeya ṣe ni pé ó jẹ́ kí ìrìn náà ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Aṣọ ọlọ́nà àdìrẹ wà lára àwọn èèyàn inú rẹ̀, ìdúró wọn àti ìṣesí wọn sì jẹ́ ti ilẹ̀ yìí. Nígbà tó parí ti ara ògiri, ó tún un gbẹ́ sórí línó, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórí bébà ní 1969. Bí línó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Línó ni irú ohun ìtẹ́lẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá láyé àtijọ́. Oníṣẹ́ yóò ya àwòrán sí i, yóò fi irin ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́ gbẹ́ ibi tó fẹ́ kó funfun kúrò, yóò yí yíǹkì sórí ibi tó ṣẹ́kù, yóò tẹ́ bébà lé e, yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ibi gíga gba yíǹkì, ibi kòtò wà ní funfun. Àwòrán náà máa ń jáde lódì: ohun tó wà lápá ọ̀tún á bọ́ sí òsì, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ lẹ́tà sẹ́yìn.

Aláró ará Abẹ́òkúta kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba àlàyé lórí èyí. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ kùn kì í gba aró. Ibẹ̀ ló ń di ọnà. Ọgbọ́n kan náà ni: funfun tí wọ́n dáàbò bò láàárín dúdú tí wọ́n jẹ́ kó mu. Mo gbà pé ìdí nìyí tí ọnà àdìrẹ fi bá línó mu tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Onobrakpeya. Àwọn àwòrán 1969 yìí ti rin ìrìn àjò ju ọ̀pọ̀ àlùfáà lọ: ní 2023, High Museum ní ìlú Atlanta lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe ìpàtẹ ńlá lé wọn lórí, àwọn èèyàn sì sanwó wọlé lọ wo ohun tí iṣẹ́ kan ní Èbúté Mẹ́ta bí.

Grillo ní tirẹ̀ mú gíláàsì. Ọmọ Èkó ni, wọ́n bí i ní 1934, ó kú ní 2021, ó sì fi ohun tó lé ní ọdún 25 darí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology. Òun náà, Mùsùlùmí ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gíláàsì aláràbarà fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ ya àwòrán sórí bébà tó tóbi tó fèrèsé gan-an. Á gé bébà náà wẹ́wẹ́, á sì gé gíláàsì aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan bá a mu. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òjé tínínrín tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì so wọ́n pọ̀, tí yóò yọ́ tánganran sí gbogbo oríkèé rẹ̀, tí yóò di àlàfo kí òjò má bàa wọlé. Ìlà dúdú tí a ń rí láàárín àwọ̀, òjé yẹn ni. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń lò ó bí ìlà àwòrán, kì í fi í pa mọ́. Oòrùn Èkó ní ìṣòro tirẹ̀. Gíláàsì tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ kùrukùru ní Yúróòpù máa ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ níbí ní agogo méjìlá ọ̀sán. Grillo fẹ́ràn búlúù àti elése àlùkò, gbogbo ẹni tó mọ àwòrán rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn àwọ̀ wọ̀nyí sì ń tu ojú lára nínú ooru. Lóde òní, àwọn ìjọ kan ti ń lẹ sítíkà aláràbarà mọ́ gíláàsì lásán. Ó pọ́ọ́kú. Oòrùn á sì mu ún.

Ẹnìkẹta wọn láti Zaria, Nwoko, kò ya àwòrán sára ilé ẹlòmíràn, ilé náà fúnra rẹ̀ ló kọ́. Àwọn Dòmíníkà, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan tó dé Nàìjíríà ní 1951 tí wọ́n sì ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì St. Dominic ní Yábàá, ní kó kọ́ ilé àdúrà wọn ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kò kàwé gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán-ilé, oníṣẹ́ ọnà àti oníṣẹ́ tíátà ni. Ní 2023, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice, oyè tó ga jù fún iṣẹ́ ayé ẹni nínú ilé yíyà. Ẹ wá àyè lọ wo ilé náà. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bà á jẹ́ fún yín.

Ìjọ aládùúrà kò gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá yìí kọjá rárá. Nígbà tí ìjọ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1925 lọ́wọ́ Mósè Orímọládé àti Kristiana Abíọ́dún, àwọn áńgẹ́lì ni wọ́n gbé síwájú, Máíkẹ́lì Mímọ́ sì ni balógun wọn. Títí di òní, áńgẹ́lì tó mú idà lọ́wọ́ wà lára ògiri ilé àdúrà wọn káàkiri Muṣin àti Sùúrùlérè, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn akunlé àdúgbò. Ní Màkókó, ọ̀dọ̀ àwọn apẹja tó wá láti apá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní 1947 ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ lápá ibí. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ọnà: àbẹ́là méje lórí pẹpẹ bí ọ̀pá fìtílà méje inú Ìfihàn, tùràrí nínú afẹ́fẹ́, aṣọ funfun báláú, ẹsẹ̀ lásán lórí ilẹ̀. Bí iná bá lọ, ilé náà á tilẹ̀ tún lẹ́wà sí i. Ti àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì kò gba àlàyé púpọ̀: gbọ̀ngàn, sípíkà, ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá, àga ìwàásù onígíláàsì, òdòdó oníke. Wọ́n ń kó wọn pààrọ̀ bí ayé bá ṣe ń yí, kò sì sí ẹni tó retí pé wọn yóò pẹ́.

Èyí tó yẹ kó pẹ́ ló ń dùn mí. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjọ fẹ́ ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ àtúnṣe. Ìgbìmọ̀ ní ilé ti gbó. Wọ́n lẹ táìlì mọ́ ògiri títí dé àyà, wọ́n fi POP bo àjà igi, wọ́n yọ ilẹ̀kùn gbígbẹ́, wọ́n fi ti irin láti China rọ́pò rẹ̀, wọ́n kó àga ìrókò àtijọ́ sẹ́yìn ilé níbi tí òjò ti ń pa á. Kò sí ẹni búburú nínú wọn. Owó tí wọ́n fi ọkàn kan dá ni. Kò kàn sí ìwé kankan tó sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn yẹn ní ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Orílẹ̀-èdè kékeré kan wà ní àríwá Yúróòpù tó ti la irú èyí kọjá, Dẹ́nmáàkì. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọn kún fún àwòrán ara ògiri láti ayé àwọn Kátólíìkì. Lẹ́yìn tí wọ́n di ìjọ Luther ní 1536, wọ́n fi ẹfun kun ọ̀pọ̀ nínú wọn bò. Ní ọ̀rúndún 19, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ha ẹfun náà kúrò, àwòrán sì ń yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹfun dáàbò bò wọ́n ni. Táìlì wa kò ní ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni; sìmẹ́ńtì tó bá gbá àwòrán mú, ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo sì ń ṣe ìlara wọn lé lórí gan-an ni ìwé. Láti 1933 ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wọn ti ń tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n ń pè ní Danmarks Kirker, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Dẹ́nmáàkì, àgbègbè kan lẹ́yìn òmíràn, wọn kò sì tíì parí rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wọ inú rẹ̀: pẹpẹ, àga ìwàásù, agogo àti ohun tí wọ́n kọ sí i lára, òkúta ibojì, ọ̀pá àbẹ́là, títí kan ọkọ̀ ojú omi kékeré tí àwọn atukọ̀ fi igi ṣe tí wọ́n sì so rọ̀ lókè láti fi dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ àga kan, wọ́n á ṣí ìwé, wọ́n á mọ irú àga tó jẹ́.

A kò nílò ìjọba fún èyí. Wọ́dìn kan, akọ̀wé ìjọ kan àti ọmọ kan tó ní fóònù tó ya fọ́tò dáadáa ti tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ lọ títí dé pẹpẹ. Nǹkan kọ̀ọ̀kan, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹni tó fi tọrẹ àti ọdún tó dé. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni oníṣẹ́ máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ wo ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ àtijọ́, owó tí wọ́n san àti ẹni tí wọ́n san án fún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà ìjọ, àwọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kí ẹ bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Ẹ tẹ ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìjọ, ọ̀kan fún ọ́fíìsì bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ilé ìkàwé yunifásítì ní Akọka. Bí ìjọ yín bá sì ti yan ìgbìmọ̀ àtúnṣe, ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ ṣe é, kí àwọn onítáìlì tó dé.